Lọ Gba Ìbọn Lásínà Kó Tó Di Ọjọ́ Àìkú

Abobo,
Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán.

Ràfíátù Àjọkẹ́,

Mi ò ní bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "ṣé dáadáa lo wà". Mo mọ̀ pé dáadáa lo wà. Ẹni tí kò sí dáadáa ni Bàbá Sìdíkì, tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì mi láàárọ̀ yìí, tí bándéèjì funfun bo ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ láti abẹ́ ojú títí dé ìsàlẹ̀ etí. Jẹ́ kí n wí i bó ṣe rí kí n tó wí ohun mìíràn: inú ń bí mi sí ọ, Àjọkẹ́. Láti ọjọ́ tí mo ti bí ọ, inú ò tíì bí mi sí ọ tó báyìí rí.

Mo pè ọ́ lẹ́ẹ̀méje. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lo gbé e, o ní, "Papa, y a fọ́hí, màá pè yín padà." Y a fọ́hí. Kò sí wàhálà. Ọgbẹ́ wà lójú ọkùnrin tó tó bàbá bàbá rẹ, o ní kò sí wàhálà. Láti ìgbà yẹn fóònù rẹ ò wọlé mọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú bíírò. Mo sì mọ̀ pé tí n bá fi ẹnu sọ ọ́, igbe ni màá máa ké, ìwọ náà á máa ké, a ò ní gbọ́ ara wa. Mo mọ̀ pé Yorùbá kíkà máa ń nira fún ọ. Kà á sókè bí ìyá rẹ ṣe kọ́ ọ, ọ̀rọ̀ kan lẹ́yìn èkejì. Má fo ìkankan.

O mọ ìbọn Sìdíkì àti ti Lásínà àbúrò rẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n màá tún un ṣàlàyé fún ọ, torí ó jọ pé o ti gbàgbé ohun tó ò ń ṣe nídìí iṣẹ́ yìí. Ẹ̀gbọ́n wọn tó kú ló kó ìbọn méjèèjì bọ̀ láti ilẹ̀ Faransé, bí ìbejì ni wọ́n rí. Ẹnu ni wọ́n ti ń ki ẹ̀tù sí i bíi ṣakabùlà ilé wa, ṣùgbọ́n wọn ò ṣe wọ́n bíi ṣakabùlà. Lábẹ́ ọ̀pá ìbọn, irin kékeré kan yọ jáde bí eyín. Tí ìbọn bá dún, tó ta sẹ́yìn, eyín kan ṣoṣo yẹn ló ń gbé gbogbo agbára náà fún igi. Tó bá jókòó dáadáa nínú ìtẹ́ rẹ̀, igi á gbà á mọ́ra. Tí ìtẹ́ náà bá ti fẹ̀, eyín á máa lu igi bí òòlù, títí igi á fi là. Ìdí nìyẹn tá a fi ń po résìnì, oje tó ń le bí òkúta, mọ́ òwú gíláàsì, irú èyí tí àwọn tó ń tún pìrógì, ọkọ̀ apẹja, ṣe lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ ń lò, tá a fi ń tẹ́ ìtẹ́ tuntun fún un. Iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta ni. Ọdún márùn-ún gbáko ni mo fi kọ́ ọ.

Ọjọ́ Àìkú tó kọjá ni wọ́n sin ẹ̀gbọ́n wọn. Dózò ni gbogbo wọn, ẹgbẹ́ ọdẹ tiwọn nìyẹn, wọn kì í sì í sin ọdẹ láìyin ìbọn. Sìdíkì yin tirẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kẹta tó yìn ín ni igi là láti ìtẹ́ eyín dé ibi tí ọwọ́ ti ń dì í mú, irin fò sókè, ó sì ya á lẹ́rẹ̀kẹ́. Ìka méjì ló kù kó bá a lójú. Ó wọ gbàkà, bọ́ọ̀sì akérò, wá sọ́dọ̀ mi, ó fi ìró ìyàwó rẹ̀ wé ìbọn náà. Ó tú u sórí bẹ́ǹṣì. Mo wo inú ẹ̀là igi náà. Igi tó bá là kì í bá ẹnikẹ́ni bo àṣírí. Mo rí másítíìkì.

Másítíìkì, Àjọkẹ́. Nǹkan bí amọ̀ tí àwọn tólíè, àwọn tó ń tún ara mọ́tò ṣe, fi ń dí ara takisí tó bá kọ́lu òpó. Ó ti rún wómúwómú. Òróró ìbọn ṣì wà lábẹ́ rẹ̀, tó ń dán, o ò tilẹ̀ nù ún. O wá fi ọ̀dà pupa rẹ́súrẹ́sú kùn ún lókè kí ojú má baà rí i. Ọ̀dà yẹn ló bí mi nínú jù. Ẹni tó kun ọ̀dà mọ̀ pé ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ kò dáa.

Sìdíkì ní, "Ànàgó, mi ò wá jà." O mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń pè mí láti ogún ọdún wá, bí wọ́n ṣe ń pe gbogbo àwa Yorùbá níhìn-ín, kò pe orúkọ mi rí. "Mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá òótọ́ ni pé èmi ni mo ki ẹ̀tù jù. Ohun tí ọmọ rẹ sọ fún àbúrò mi nìyẹn, àbúrò mi sì gbà á gbọ́. Ó ti ń sọ ọ́ kiri láàárín ẹgbẹ́ pé mo ti darúgbó, pé ọwọ́ mi ti ń gbọ̀n." Ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú mi kí n wò ó. Kò gbọ̀n. Mi ò mọ ibi tí màá gbé ojú sí.

Mo bi í pé ìbọn Lásínà ńkọ́. Ó ní ìwọ náà lo tún un ṣe, lọ́sẹ̀ kan náà. Ó ní Lásínà ò tíì yìn ín; Ọjọ́ Àìkú yìí, níbi àdúrà ọjọ́ kẹjọ, ló kàn án láti yin tirẹ̀ fún òkú ẹ̀gbọ́n wọn. Mo pe Lásínà lójú ẹsẹ̀. Ó ní, "Tonton, ẹ má bínú. La petite, ọmọ yín yẹn, ti sọ fún mi pé tèmi ò ní nǹkan kan. Ẹ̀yin àti ọmọ yín, ẹ lọ parí ìjà yín." Ó mọ̀ pé a ò bára wa sọ̀rọ̀ dáadáa láti ìgbà tó o ti kó irinṣẹ́ rẹ kúrò níbí. Ó rò pé mo fẹ́ ba ọjà rẹ jẹ́ ni. Kò gba èmi gbọ́, kò gba ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbọ́. Ìwọ nìkan ló gbà gbọ́. Ìwọ lo fi irọ́ náà sí i létí, ìwọ nìkan lo sì lè yọ ọ́.

Mo ti fẹ́ kọ ìmọ̀ràn sí ọ láti ọjọ́ tó o ti ṣí ṣọ́ọ̀bù ní Gonzagueville. Oṣù mẹ́rin ni mo fi fà á sẹ́yìn, torí ọ̀nà tó o gbà lọ dùn mí. Ó yẹ kó o gbà á pẹ̀lú ẹ̀rín àti àdúrà. Wàá gbà á pẹ̀lú ìbínú báyìí, ìwọ lo fà á.

Èkíní, fọ igi kó o tó fi ohunkóhun sí i. Résìnì gan-an kì í di orí òróró mú, ká má tiẹ̀ sọ másítíìkì. Ha á títí wàá fi rí ojú igi tútù, fi ẹsáǹsì, bẹntiróò, nù ún, jẹ́ kó gbẹ. Mo mọ ìdí tó ò fi ṣe é. Ó ń pẹ́, ọwọ́ ń rà, oníbàárà sì jókòó, ó ń wo fóònù rẹ̀. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Èkejì, tí résìnì bá tán, ẹnu ni kó o fi sọ pé ó tán. Ìtìjú wo ló wà níbẹ̀? Ọjà ń tán lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn. Oníbàárà tó bá ń kánjú, jẹ́ kó máa lọ. O rò pé tó o bá ní "ẹ padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀", wọ́n á ní torí pé obìnrin ni ọ́. Mo mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Nígbà tí àwọn àgbààgbà ní Abobo yìí ní obìnrin kì í fọwọ́ kan igi ìbọn, ta ló dúró níwájú wọn? Mo ní ọwọ́ ọmọ mi mọ́ ju tiyín lọ. Mo sọ ọ́ níwájú gbogbo wọn, Sìdíkì wà níbẹ̀, ó sì gbè mí lẹ́sẹ̀. Òun ló kọ́kọ́ gbé iṣẹ́ wá fún ọ ní ṣọ́ọ̀bù tuntun. Ẹni tó o fi másítíìkì san oore fún nìyẹn.

Ẹ̀kẹta ni mi ò tíì sọ fún ọ rí.

Tá a bá fẹ́ da résìnì sínú ìtẹ́, o mọ̀ pé a gbọ́dọ̀ fi nǹkan pa eyín irin náà kí résìnì má baà lẹ̀ mọ́ ọn. Ìda àbẹ́là ni mo kọ́ ọ láti máa lò. O rántí bí mo ṣe gbá ọ lọ́wọ́ lọ́jọ́ tó o na ọwọ́ sí igbá òrí. O bi mí pé kí ló dé, ṣebí òrí la fi ń pa ara nílé. Mo ní kó o dákẹ́. Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Mo ti wo ẹ̀yìn láàárọ̀ yìí, ohun tí mo rí kò dùn mọ́ mi.

Ọmọ ọdún mọ́kànlélógún ni mí nígbà náà, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Ògbómọ̀ṣọ́, mo ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá mi ní Treichville. Ọ̀gá rìnrìn àjò. Oníṣòwò aṣọ kan, ará ilé wa, ti gbé ìbọn kan sílẹ̀, irú ti Sìdíkì yìí gan-an, òyìnbó kan tó ń padà sílé ló tà á fún un. Ìtẹ́ eyín rẹ̀ ti fẹ̀. Ọ̀gá ní kí n má fọwọ́ kàn án títí òun á fi dé. Èmi fẹ́ fi hàn pé mo ti mọṣẹ́. Àbẹ́là ò sí nítòsí, ṣùgbọ́n òrí tí ìyá mi dì fún mi wà lábẹ́ bẹ́ǹṣì. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí, kí ni òrí ò lè ṣe lójú mi nígbà yẹn? Imú tó dí, ẹsẹ̀ tó rọ́, awọ tó le, òrí ni. Mo fi pa eyín náà dáadáa, mo da résìnì sí i. Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé résìnì máa ń gbóná tó bá ń le. Ó gbóná, òrí yọ́, ó ṣàn lọ, résìnì sì di irin àti igi pọ̀ bí ẹni pé wọ́n jọ hù ni.

Ó yẹ kí n gbé e sílẹ̀ kí n dúró de ọ̀gá. Á fọ́ mi létí, á sì tún un ṣe, ọ̀rọ̀ á parí. Òòlù ni mo mú. Mo lu ọ̀pá náà títí ó fi jáde, igi sì là, ẹ̀là tẹ́ẹ́rẹ́ kan báyìí, láti ìtẹ́ dé ibi ìdìmú. Mo fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, mo fi okùn dì í, mo fi pólíìṣì bàtà kùn ún títí ojú kankan ò fi lè rí i. Nígbà tí ọ̀gá dé, ó gbé e yẹ̀ wò, ó ní, "Múfútáù, o ti ń di ènìyàn." Inú mi dùn. Èyí tó ń tì mí lójú jù títí dòní nìyẹn, pé inú mi dùn.

Oníṣòwò náà gbé ìbọn rẹ̀ lọ. Sátidé kejì, níbi tó ti ń dọdẹ ọ̀yà, igi là mọ́ ọn lọ́wọ́. Irin fò sí ojú òsì. Ojú náà ò ríran mọ́. Ọ̀gá pè mí, ó bi mí pé ṣé mo mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu mi nìyí, gbọ́ ọ dáadáa, ọ̀rọ̀ kan náà tó ti ẹnu rẹ jáde lọ́sẹ̀ yìí: "Ẹ̀tù ló kì jù."

Mo dìde, mo rìn yíká àgbàlá díẹ̀ kí n tó padà wá kọ èyí. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ parí ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Iwájú eyín àti ìsàlẹ̀ rẹ̀, lẹ sikọ́ọ̀ṣì, téèpù tín-ín-rín, mọ́ ọn kó o tó da résìnì, kí àyè tín-ín-rín lè wà níbẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ló gbọ́dọ̀ jókòó ṣinṣin, torí ẹ̀yìn ló ń gba agbára náà tí ìbọn bá ta. Nínú ìbọn Sìdíkì, gbogbo ẹ̀gbẹ́ lo dí pa. Mi ò mọ ẹni tó kọ́ ọ ní ìyẹn. Lẹ́yìn náà, fi í sílẹ̀ kó le. Má fi ìka tọ́ ọ wò. Ohun tá a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Mi ò mọ iye ìmọ̀ràn tí mo kà dé mọ́, kò sì kàn mí.

Ọkùnrin olójú kan yẹn, o mọ̀ ọ́n. Orí ẹsẹ̀ rẹ̀ lo máa ń jókòó sí, tó bá ń ṣẹ́ ojú kan sí ọ, wàá máa rẹ́rìn-ín. Bàbá ìyá rẹ ni. Nígbà tó o wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà, o bi mí pé kí ló ṣe ojú Bàbá Àgbà. Mo ní àrùn ni.

Lẹ́yìn ìjàǹbá náà, mo máa ń lọ kí i nílé. Àwọn ènìyàn ní ọmọ dáadáa ni mí. Ẹ̀rí ọkàn ló ń lé mi lọ, ibẹ̀ ni mo sì ti rí ìyá rẹ. Bàbá rẹ̀ fi í fún mi láìjanpata. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo fi jẹ́ àna rẹ̀. Tá a bá fẹ́ jẹun, á fọwọ́ lu ẹní lápá òsì rẹ̀, á ní, "Múfútáù, ibí ni kó o jókòó." Apá ojú tí kò ríran. Màá jókòó, màá máa jẹun, ọ̀rọ̀ méjì á wà lọ́fun mi: "Èmi ni." Èmi ni mo là á. Èmi ni mo kùn ún. Màá gbé e mì pẹ̀lú òkèlè. Ó ṣàìsàn, mi ò sọ ọ́. Mo wà lára àwọn tó gbé e sínú sàréè, mi ò sọ ọ́.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Irọ́ tèmi ti lé ní ọgbọ̀n ọdún, òun àti òtítọ́ ò tíì pàdé, mo sì lè sọ fún ọ pé èmi ló rẹ̀. Tìrẹ ò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan. Ṣé o rí i pé o ṣì láǹfààní? Lásínà ṣì ní ojú méjèèjì.

Ohun tó o máa ṣe nìyí, lónìí, kì í ṣe lọ́la. Ti ṣọ́ọ̀bù rẹ. Lọ bá Lásínà nílé. Má fi fóònù ṣe é, má rán ẹnikẹ́ni. Má bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé pé résìnì ti tán àti pé iṣẹ́ pọ̀. Sọ fún un pé, "Èmi ni. Másítíìkì ni mo fi sí i, ẹ̀tù ẹ̀gbọ́n yín ò pọ̀ jù." Kó o gba ìbọn náà lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí ẹ jọ lọ bá Sìdíkì, kó o sọ ọ́ níwájú rẹ̀ pé ọwọ́ rẹ̀ ò gbọ̀n. Wọ́n lè bú ọ. Wọ́n lè sọ pé obìnrin ò mọṣẹ́ ìbọn. Jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́. Kó ìbọn méjèèjì wá sí Abobo, màá gbẹ́ igi tuntun, ìwọ lo máa tẹ́ ìtẹ́ rẹ̀, màá jókòó tì ọ́.

Mo ti fẹ́ ká lẹ́tà yìí kí n fún awakọ̀ gbàkà kan tí mo mọ̀. Mo wá wo ohun tí mo kọ. Báwo ni màá ṣe ní kí ọmọ mi lọ fi ẹnu rẹ̀ sọ ohun tí èmi ti fi sábẹ́ ahọ́n kí n tó bí i? Ìyá rẹ wà lẹ́yìn ilé, ó ń bó ọ̀gẹ̀dẹ̀. Kò mọ nǹkan kan nípa ọ̀rọ̀ yìí. Màá lọ kà á fún un báyìí.

Mo ti padà dé.

Mo kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kò gbé ojú sókè, ọ̀bẹ rẹ̀ ò sì dúró. Nígbà tí mo parí, ó nu ọwọ́, ó ní, "Bàbá mi mọ̀." Ó ní ọjọ́ tí wọ́n gbé e wálé náà ni wọ́n gbé ìbọn náà wá pẹ̀lú rẹ̀, àti pé nígbà tí ara bàbá òun balẹ̀ díẹ̀, ó fi àtàǹpàkò tọ inú ẹ̀là igi náà, ó bá gọ́ọ̀mù níbẹ̀, ó pe òun kí òun wá wò ó. Bàbá ní, "Ọmọ yẹn máa wá sọ fún mi." Ìdí tó fi ń ní kí n jókòó sápá òsì òun nìyẹn. Ó fẹ́ kó rọrùn fún mi, kí n má baà wo ojú rẹ̀ tí n bá ń sọ ọ́. Ó dúró títí ó fi kú.

Mo ní, "Ìwọ náà mọ̀?"

Ó ní, "Èmi náà ń dúró."

Mi ò ní ìmọ̀ràn kankan mọ́. Ìyá rẹ ti wọṣọ, ó ti bo orí. Ó ní awakọ̀ kankan ò ní gbé lẹ́tà yìí, òun fúnra òun ló ń gbé e bọ̀ ní Gonzagueville, òun á sì dúró títí wàá fi kà á tán, kí ẹ lè jọ lọ sọ́dọ̀ Lásínà. Òun ló wà níwájú rẹ yẹn. Gbé ojú sókè, Àjọkẹ́. Má jẹ́ kó tún dúró mọ́.

Bàbá rẹ,
Múfútáù.